Ọgbà Inú Ike: Bí A Ṣe Ń Gbin Ewé Ọbẹ̀ àti Òdòdó Sí Àgbàlá Tí Sìmẹ́ńtì Ti Bò

Oṣù kìíní ni mo ra òdòdó 11 lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì ní Ìbàdàn. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́, owó ọdún ṣì kù díẹ̀ lápò mi, ojú mi sì wọ ixora kan tó yọ òdòdó pupa fòò. Mo tò wọ́n sídìí ògiri, mò ń bomi rin wọ́n láàárọ̀, mò ń bomi rin wọ́n lálẹ́. Kí oṣù kẹta tó parí, 9 ti kú. Ìyá àgbà kan ń gbé nílé kejì sí wa nígbà náà. Ọgbà tiwọn kò ju táyà mẹ́rin àti ike ọ̀dà mélòó kan tó ti fọ́ létí lọ, síbẹ̀ gbogbo àdúgbò ló ń wá já efinrin níbẹ̀. Ìyá wá wo àwọn tèmi, wọ́n ti ìka bọ ilẹ̀ inú ìkòkò kan, wọ́n gbé ìka náà sí imú, wọ́n ní, "Òùngbẹ kọ́ ló pa wọ́n, ọmọ mi. Ìwọ lo rì wọ́n sómi."

Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, lọ́wọ́ wọn ni mo ti kọ́ ọ, àti lọ́wọ́ àṣìṣe tèmi láti ìgbà náà. Ẹni tó ń gbé fúláàtì, tí gbogbo àgbàlá rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì tàbí íńtálọ́ọ̀kì, ni mo ń bá wí jù. Ẹlòmíràn á ní ohun tí òun bá gbìn kì í hù, pé ọwọ́ òun ló burú. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú òdòdó tí mo rí tó kú nílé ayálégbé, omi àpọ̀jù ló pa á. Ìyókù, ibi tí wọ́n gbé e sí ni kò bá a lára mu.

Ẹ kọ́kọ́ mọ oòrùn ilé yín

Kí ẹ tó náwó kankan, ẹ wá ọjọ́ kan tí ẹ máa wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì dání. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ fi fa ìlà sílẹ̀ níbi tí òjìji ògiri dé. Ẹ tún fà á ní aago méjìlá ọ̀sán, ẹ tún fà á ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ibi tí oòrùn wà nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún efinrin, koríko ọba, ewúro, ixora, croton àti bougainvillea. Wọ́n ń fẹ́ oòrùn tó tó wákàtí 6 lójúmọ́. Ibi tí oòrùn àárọ̀ nìkan ń dé dára fún míńtì, atalẹ̀ àti ọ̀dúndún. Ibi tí oòrùn kì í ta sí, tí ìmọ́lẹ̀ ṣáà ń dé, pèrègún lè gbé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀já ìkookò, tí àwọn tó ń ta òdòdó ń pè ní snake plant.

Ẹ má rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n tán o. Oòrùn kì í gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá yípo ọdún. Ní ilẹ̀ wa níbí, ọwọ́ gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń gbà lásìkò ọyẹ́. Tó bá fi máa di oṣù kẹfà, ó ti bọ́ sí ọwọ́ àríwá. Nítorí náà, ìdí ògiri tí oòrùn ń gún ní oṣù kejìlá lè wà lábẹ́ òjìji ní oṣù kẹfà. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ike nìyẹn: ẹ lè gbé e tẹ̀ lé oòrùn. Ohun tí ẹ bá gbìn sílẹ̀ ti di ará ibẹ̀.

Ibi mẹ́ta wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan sí. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀yìn AC, níbi tó ti ń fẹ́ ooru jáde. Èkejì ni ibi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń dojú kọ. Ẹ̀kẹta ni abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, nítorí òjò ńlá kan ṣoṣo lè gbẹ́ gbogbo ilẹ̀ inú ike dà sí àgbàlá, kó sì ṣí gbòǹgbò sílẹ̀ gbalaja.

Ike àti ihò rẹ̀

Ike pẹ́ńtì tí wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà gba míńtì kan tàbí efinrin kan. Koríko ọba àti ewúro ń fẹ́ garawa lítà 20. Táyà náà dára fún òdòdó. Fún ohun tí ẹ máa jẹ, ẹ yan ike tí wọ́n fi kó oúnjẹ tàbí ọ̀dà olómi. Ike tí wọ́n ti fi gbé oògùn apakòkòrò tàbí epo ọkọ̀ rí, ẹ má gbin ewé ọbẹ̀ sínú rẹ̀, bí ẹ ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ike ọ̀dà tí wọ́n ń fi kẹrosíìnì fọ̀.

Ihò ni ọ̀pọ̀ ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ fi ẹ̀mú di ìṣó íńṣì 4 mú, ẹ ki orí rẹ̀ bọ iná gáàsì títí á fi pọ́n, ẹ jáde síta pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ má bàa fa èéfín ike símú. Ẹ lu ihò 6 sí abẹ́ ike, kí ẹ lu 4 sí i sí ẹ̀gbẹ́, ní ìwọ̀n ìka kan sókè ìdí. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí ló máa ń gba ike là lọ́jọ́ tí ihò abẹ́ bá dí. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ike lé àfọ́kù búlọ́ọ̀kù méjì, kó má fi ìdí kan sìmẹ́ńtì.

Wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ da òkúta sísàlẹ̀ kí omi lè rọ́nà jáde. Èmi náà ṣe é fún ọdún méjì kó tó yé mi. Omi kì í fò láti inú ilẹ̀ bọ́ sínú òkúta bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ á kọ́kọ́ mu ún yó kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀, nítorí náà ibi tó tutù náà kàn sún sókè mọ́ gbòǹgbò ni, òkúta sì ti gba àyè tí gbòǹgbò ìbá lò. Ẹ gé àpò ráìsì pélébé, ẹ fi bo ihò kí ilẹ̀ má bàa jò, ó ti tó.

Ilẹ̀

Ilẹ̀ dúdú ike méjì, ajílẹ̀ ike kan, yanrìn odò ike kan. Ìwọ̀n tí mo ń lò fún ohun gbogbo nìyẹn, àfi etí erin (aloe vera) àti ọ̀já ìkookò tí mo máa ń fi yanrìn ike kan kún tiwọn. Ẹ̀yin tó wà nítòsí òkun, ẹ má lọ kó yanrìn etíkun, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìdí àkìtàn àtijọ́ lẹ ti fẹ́ bu ilẹ̀ dúdú, ẹ wò ó dáadáa: bí ẹ bá rí òkú bátìrì níbẹ̀, ẹ yà kúrò.

Ìgbẹ́ adìẹ tútù kì í ṣe ajílẹ̀. Ó máa ń jó gbòǹgbò bí ẹni da omi gbígbóná sí i. Ẹ kó o sínú àpò, ẹ wọ́n omi sí i kó tutù díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún oṣù méjì ó kéré tán. Ẹ máa mọ̀ pé ó ti pé nígbà tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ tí kò gbóná mọ́, tí òórùn rẹ̀ sì ti dà bíi ti inú igbó lẹ́yìn òjò. Fún ewé tí ẹ máa jẹ ní tútù, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Àìsàn inú wà nínú ìgbẹ́ tí kò tíì jinná.

Lẹ́yìn tí ẹ bá po gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ rin ín díẹ̀, kí ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un, kí ẹ la ọwọ́. Tó bá dúró, tí ẹ fi ìka tì í tó sì fọ́, ó dára. Tó bá dúró gbọnin bí òkèlè, amọ̀ ti pọ̀ jù, ẹ fi yanrìn kún un. Tó bá fọ́ kí ẹ tó la ọwọ́ tán, ajílẹ̀ ló ń fẹ́.

Efinrin ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Mi ò mọ ohun ọ̀gbìn tó ń dárí jini tó efinrin. Ẹ kò nílò irúgbìn. Ìdì efinrin tí ẹ rà lọ́jà fún ọbẹ̀ náà tó, bó bá jẹ́ ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ ṣa igi tó nípọn tó báírò, tí kò tíì yọ òdòdó. Ẹ wo ara rẹ̀, ẹ máa rí oríkèé níbi tí ewé méjì ti kọjú síra. Abẹ́ oríkèé yìí ni kí ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé, kí igi náà gùn tó íńṣì 6, torí ojú oríkèé ni gbòǹgbò ti máa ń yọ jù. Ẹ já gbogbo ewé ìsàlẹ̀ dànù. Ẹ fi mẹ́rin sílẹ̀ lókè. Tí wọ́n bá fẹ̀, ẹ gé wọn sí ìdajì. Ewé tó fẹ̀ á máa mu omi tí igi tí kò ní gbòǹgbò kò rí fún un, ìdí nìyẹn tó fi ń rọ ní ọjọ́ kejì.

Ẹ gé orí ọ̀rá píọ̀wọ́tà, ẹ gé igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bíńtín kí omi lè jáde, ẹ rọ ilẹ̀ kún un. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ya ojú ọ̀nà kí ẹ tó ki efinrin bọ̀ ọ́. Tí ẹ bá kì í bẹ́ẹ̀ lásán, ara rẹ̀ á bó. Oríkèé méjì ló yẹ kó wọlẹ̀. Ẹ gbé e síbi ìbòòji, kí ẹ máa wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 14, ẹ fà á jẹ́jẹ́. Bó bá fà yín padà, gbòǹgbò ti yọ. Ẹ má sì jí i fà lójoojúmọ́ bíi tèmi, ẹ ó kàn máa já gbòǹgbò kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣí i lọ sínú ike ńlá. Tó bá ti ga tó íńṣì 10, ẹ já orí rẹ̀, lókè ibi tí ewé méjì ti pàdé. Ó máa ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn láti ṣe èyí, ṣùgbọ́n láti ibi tí ẹ ti já a, ẹ̀ka méjì ló máa yọ. Ẹ tún já orí àwọn yẹn, á di mẹ́rin. Efinrin tí wọn kò já lórí á ga gọ̀gọ̀rọ̀, á yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á kéré, á sì le. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sebẹ̀, ẹ má fa ewé yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀. Ẹ gé ẹ̀ka bí ẹ ti gé orí. Ìyá àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já tiwọn lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wọ́n ní oòrùn ti ń kó òórùn rẹ̀ lọ.

Ẹ fi ẹ̀ka kan sílẹ̀ kó so, kí ẹ lè ní irúgbìn. Hóró rẹ̀ kéré gan-an, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ẹ má sì fi ilẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nìkan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, á hù.

Wọ́n ń sọ pé bí efinrin bá wà lójú fèrèsé, ẹ̀fọn ò ní wọlé. Mo ní efinrin mẹ́fà lójú fèrèsé, ẹ̀fọn sì ń jẹ mí. Epo inú ewé náà ni ẹ̀fọn kì í fẹ́, epo náà kì í sì í jáde tó bẹ́ẹ̀ àyàfi tí ẹ bá fi ọwọ́ ra ewé náà. Ẹ má tú nẹ́ẹ̀tì yín o.

Àwọn ewé yòókù

Koríko ọba ni èyí tí mo gbìn tẹ̀ lé e. Ẹ ra ìdì rẹ̀ lọ́jà, ẹ ṣa èyí tí ìdí rẹ̀ funfun ṣì wà, ẹ gé ewé rẹ̀ kúrò kó ku bí íńṣì 8, ẹ fi ìdí rẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù omi lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ọjọ́ méjì-méjì. Tí gbòǹgbò funfun bá ti gùn tó ìka, ẹ gbìn ín. Nígbà tí ẹ bá ń gé e fún tíì, ẹ fi íńṣì 4 sílẹ̀ lókè ilẹ̀, kó lè tún rú. Etí ewé rẹ̀ mú bí abẹ, ẹ má fi ọwọ́ ya á. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ jáde, ẹ pín in sí mẹ́rin, kí ẹ fi mẹ́ta tọrẹ. Tí ẹ kò bá pín in, àárín rẹ̀ á gbẹ, á máa rú létí nìkan.

Ewúro kò ní wàhálà: ẹ gé igi tó tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ rì í dagun sínú ilẹ̀ nígbà òjò, ó parí. Kìkì pé kí ẹ máa gé e lórí kó má bàa di igi ńlá mọ́ yín lọ́wọ́.

Atalẹ̀ ń fẹ́ sùúrù. Oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni kí ẹ gbìn ín. Lọ́jà, ẹ wá èyí tó ní ojú, ìyẹn ibi ṣóńṣó tí èéhù ti fẹ́ yọ. Èyí tó ti hun jọ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gé e kí ègé kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì, ẹ sá a síbi ìbòòji fún ọjọ́ méjì kí ojú ibi tí ẹ gé lè gbẹ, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ á jẹrà nínú ilẹ̀. Íńṣì 2 ni kí ẹ rì í sí, ojú rẹ̀ sókè, nínú ike tó fẹ̀. Kò pọn dandan kó jìn. Yóò lo bí oṣù 8 sí 9. Nígbà tí ewé rẹ̀ bá ń pọ́n rúsúrúsú, tó ń ṣubú, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé kí ẹ dáwọ́ omi dúró.

Míńtì, ike tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tí ẹ bá gbìn ín mọ́ nǹkan míì, láàárín oṣù díẹ̀ òun nìkan lẹ máa bá níbẹ̀.

Fún àwọn ọmọdé inú ilé, ẹ wá ewé àbámọ́dá kan ṣoṣo. Ẹ gbé e lélẹ̀ pẹlẹbẹ lórí ilẹ̀ tútù, ẹ má rì í. Láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ọmọ kéékèèké á yọ yí etí ewé náà ká, tòun ti gbòǹgbò wọn. Ẹni tó bá ti rí i rí ló mọ ìdí tí àwọn baba wa fi ń pe ewé náà sí ọ̀ràn àbá: àbá tí àbámọ́dá bá dá, ni Òrìṣà òkè ń gbà. Ọ̀dúndún jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ẹ̀ka lẹ máa gé ní tirẹ̀.

Òdòdó àti ewé ẹwà

Àwọn tó ń ta òdòdó á fẹ́ ta èyí tó ń tàn fún yín. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ẹ lè tọrọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Pèrègún wà ní ààlà ilẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọdọọdún ló sì ń pa aṣọ rẹ̀ dà. Ẹ tọrọ igi kan, ẹ gé e sí ẹsẹ̀ bàtà kan-kan, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí oje rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó rì í. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí òkè ègé kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti ń gé e. Ó ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo gé mẹ́fà lọ́jọ́ kan, mo tò wọ́n sílẹ̀, mo wọlé lọ jẹun. Nígbà tí mo padà, gbogbo wọn jọra. Mo rì wọ́n. Oṣù kan kọjá, mẹ́ta rúwé, mẹ́ta gbẹ. Ìyá àgbà fa ọ̀kan yọ, wọ́n yí i wò, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kó o dorí pèrègún kodò?" Tí àmì bá pa rẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ wo àpá ibi tí ewé ti já: ibi tí ojú èéhù wà, lókè àpá náà ló máa ń wà.

Ọ̀já ìkookò náà, ewé rẹ̀ tí ẹ gé sí íńṣì 3 lè yọ gbòǹgbò, bó tilẹ̀ ń gba oṣù púpọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ní ìlà yẹ́lò létí, tó wọ́n jù lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, ẹ má gé ewé rẹ̀ gbìn. Ọmọ tó máa bí á jẹ́ aláwọ̀ ewé lásán. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ pín kí ìlà náà tó lè bá a lọ.

Bougainvillea wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ìyà ló sì ń mú un tàn. Ohun aláwọ̀ tí à ń pè ní òdòdó rẹ̀, ewé ni. Òdòdó gan-an ni funfun bíńtín tó wà láàárín. Nígbà òjò, á kàn máa rú ewé ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ tó bomi rin ín, kí ẹ má sì fi ajílẹ̀ kẹ́ ẹ. Á pọ́n lára gbogbo igi. Ẹ̀gún rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ lásán mú.

Ixora mi kan tó yè nínú 11 yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí ní kàyéfì lọ́dún kejì. Ewé rẹ̀ tuntun ń pọ́n rúsúrúsú, iṣan ewé nìkan ló ń dúdú. Mo da eérú sí i, ó burú sí i. Ìdí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ló wà, pàǹtí sìmẹ́ńtì sì ti jábọ́ sínú ìkòkò rẹ̀. Sìmẹ́ńtì àti eérú, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú ilẹ̀: wọn kì í jẹ́ kí ixora rí èròjà irin fà. Mo pààrọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ pátá, mo fi ajílẹ̀ tó jinná kún un, mo gbé e jìnnà sí ògiri. Ewé tó pọ́n tẹ́lẹ̀ kò padà, àmọ́ àwọn tó yọ lẹ́yìn rẹ̀ dú.

Croton ń fẹ́ oòrùn kí àwọ̀ rẹ̀ tó jáde. Ẹ ṣọ́ra fún oje rẹ̀, kì í kúrò lára aṣọ. Fún ẹni tó ń fẹ́ fi nǹkan yí ọgbà ká, yellow bush ni gbogbo ènìyàn ń gbìn, ẹsẹ̀ bàtà kan síra, gígé ló sì ń mú un dí. Èso rẹ̀ kéékèèké kò ṣeé jẹ.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé dé nìyẹn. Oje dumb cane, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tó ní tótòtó funfun, máa ń jó ẹnu àti ahọ́n wú. Oleander burú ju ìyẹn lọ, láti gbòǹgbò dé òdòdó rẹ̀, ó lè pa ènìyàn. Ilé tí ọmọ tó ń rákò bá wà, èmi ò ní gbé méjèèjì wọbẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó.

Omi

Ẹ má fi aago bomi rin nǹkan. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Tó bá tutù níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, kódà bí ojú ilẹ̀ bá ti gbẹ. Tó bá gbẹ, ẹ bu omi sí i títí á fi jáde lábẹ́. Fún efinrin nígbà ọyẹ́, èyí lè jẹ́ ojoojúmọ́. Fún ọ̀já ìkookò, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ibi tí èèyàn ti ń ṣìnà ni pé ewé tó rọ nítorí òùngbẹ àti ewé tó rọ nítorí omi àpọ̀jù, bákan náà ni wọ́n rí. Gbòǹgbò tó ti rà kò lè fa omi mọ́, ewé á rọ, ẹni tó ni ín á tún sáré bu omi. Ìka nìkan ló lè sọ ìyàtọ̀ fún yín, àti imú, bíi ti Ìyá àgbà: ilẹ̀ tí gbòǹgbò ti ń rà nínú rẹ̀ máa ń rùn bí kòtò ìdọ̀tí.

Omi tí ẹ fi fọ ìrẹsì tàbí ẹ̀wà dára. Omi ọṣẹ ìfọṣọ, ẹ dà á sí gọ́tà. Tí ẹ bá sì fi àwo sábẹ́ ìkòkò nínú ilé, ẹ máa da omi inú rẹ̀ nù, torí ọ̀sẹ̀ kan péré tó fún ẹ̀fọn láti pamọ níbẹ̀.

Kòkòrò

Ẹ máa yí ewé wò lábẹ́. Bí ẹ bá rí kòkòrò funfun bí òwú níbi tí ewé ti so mọ́ igi, tí èèrà sì ń lọ tó ń bọ̀ lára igi náà, èèrà ló ń tọ́jú wọn bí darandaran, torí ó ń lá oje dídùn tí wọ́n ń yọ. Ẹ fi àkísà tútù nu wọ́n kúrò, kí ẹ po ọṣẹ olómi ṣíbí tíì kan mọ́ omi lítà 1, kí ẹ fín in nírọ̀lẹ́, lábẹ́ ewé àti lókè. Ẹ dán an wò lára ewé kan ná, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Fún kòkòrò tó ń jẹ ewé, ẹ̀kúnwọ́ méjì ewé dóńgóyárò tí ẹ gún, tí ẹ rẹ sínú omi mọ́jú, tí ẹ sẹ́, á lé wọn. Èyí tí ẹ bá fín sára ewé ọbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó sè é. Ìgbín àti tata, ọwọ́ ni mo fi ń mú wọn, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Adìẹ onílé ni mi ò tíì rí oògùn rẹ̀. Mo kàn fi ẹ̀ka bougainvillea tí mo gé bo ojú ilẹ̀ àwọn ike ìsàlẹ̀.

Tí ẹ bá ń lọ ọdún nílé

Oṣù kejìlá tí gbogbo èèyàn ń rìnrìn àjò, ìgbà yẹn gan-an ni ọyẹ́ ń mú. Ọjọ́ méjì kí ẹ tó lọ, ẹ kó gbogbo ike jọ sójú kan níbi ìbòòji, kí wọ́n fara kanra. Wọ́n á máa fi ọ̀rinrin bo ara wọn. Ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta ewé efinrin àti míńtì kúrò, kí wọ́n má bàa máa mu omi jù. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí èèpo ẹ̀pà bo ojú ilẹ̀, kí ó nípọn tó íńṣì 2, kí ó má kan ara igi. Ẹ bomi rin wọ́n títí á fi jáde lábẹ́. Fún ike ńlá, ẹ lu ihò kan bí ojú abẹ́rẹ́ sí ọmọrí ike omi lítà 1 àtààbọ̀, ẹ pọn ọn kún, ẹ dorí rẹ̀ kodò sínú ilẹ̀. Ẹ dán an wò ní ọjọ́ méjì ṣáájú kí ẹ lè mọ iye ọjọ́ tó ń gbà kó tó tán. Tí ẹ bá sì fẹ́ ní kí aládùúgbò máa bá yín bomi rin wọ́n, ẹ mú un dé ìdí ike, kí ẹ ti ìka rẹ̀ bọ ilẹ̀ níṣojú yín.